Ẹsẹ̀ Alágẹmọ Lórí Màrìwò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ohùn yín ò dé ọ̀dọ̀ mi. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ ò!

Ẹ ṣeun. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó ń yí gbirigbiri bọ̀. Ó kọjá lára ọba, kò kàn án. Ó kọjá lára ìjòyè, kò bà á. Ó wá já lé Alágẹmọ lórí, ó já lé Òòrẹ̀ ọlọ́fà, ó sì já lé Ẹtu, ìyá ọlọ́mọ méjì.

Mojoyin, yé fa irun ọmọ ọlọ́mọ, kó o fetí sílẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn náà, àlọ́ lásán ni mò ń pa o. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni tó ń jókòó nílé ìgbìmọ̀ kankan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá wí yóò mọ ara rẹ̀.

Láyé ìgbà kan, ohun ìjà kì í gbé lára ẹranko. Ara lọ́tọ̀, ohun ìjà lọ́tọ̀. Bí Ẹfọ̀n bá fẹ́ sùn, á ṣí ìwo rẹ̀ lórí, á fi kọ́ ògiri. Paramọ́lẹ̀ ní àdó kékeré tó ń rọ oró rẹ̀ sí. Àkekèé ń yọ abẹ́rẹ́ ìdí rẹ̀, ó ń kì í bọ àjà. Òòrẹ̀ ní tirẹ̀, apó ọfà ló ní. Apó náà kún dẹ́múdẹ́mú, ó sì ń gbé e kọ́ ẹ̀yìn bó bá ń jáde lọ. Ọmọ ènìyàn ló ni ìbọn. Láàrin ẹranko, ọfà Òòrẹ̀ ni ìbọn wọn.

Ọfà yìí ní ìwà burúkú kan. Òòrẹ̀ kì í ta á. Ẹ̀rù ló ń ta á. Bí ẹ̀rù bá ti ba Òòrẹ̀ báyìí, apó á gbọ̀n, ọfà á fò jáde. Ẹ sì mọ Òòrẹ̀. Bí ewé bá já, ẹ̀rù bà á. Bí òjìji rẹ̀ bá yí, ẹ̀rù bà á. Ẹran tó lójo jù nínú igbó ló ní ọfà tó pọ̀ jù.

Ọdún kan wá dé, ọ̀dá dá. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Odò gbẹ, ìsun gbẹ, ó ku Odò Àsàlà nìkan. Erin, olórí gbogbo ẹran, ní kí wọ́n máa tò, kí wọ́n máa mu omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń tò. Ẹni ńlá ń tò, ẹni kékeré ń tò.

Ẹtu mú ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá sódò. Àkọ́bí wà níwájú. Èkejì, tó ń jẹ́ Fẹ́ẹ́rẹ́ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nílẹ̀, ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹtu fúnra rẹ̀ sì tún lóyún sínú.

Òòrẹ̀ náà wà lórí ìlà, pẹ̀lú apó lẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan sín. Híń-ìn-ṣín! Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ba Òòrẹ̀. Apó gbọ̀n, pìrìpìrìpìrì! Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, àkọ́bí Ẹtu ti wà nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì wà nínú omi.

Òòrẹ̀ káwọ́ lérí. "Yéè! Ó mà ṣe o! Ta ló ní kí Ọ̀pọ̀lọ́ sín?"

Wọ́n bú Ọ̀pọ̀lọ́ títí. Wọ́n sin ọmọ. Ẹtu sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó nu ojú rẹ̀, ó tọ Erin lọ.

Ó ní, "Kábíyèsí, n kò ní kí ẹnikẹ́ni ju ohun ìjà rẹ̀ nù. N kò ní kí ẹ gba ti ẹnikẹ́ni. Igi ọdán wà lẹ́bàá odò. Kí olúkúlùkù fi ohun ìjà rẹ̀ kọ́ ẹ̀ka ọdán kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ mu omi. Bó bá mu omi tán, kó mú nǹkan rẹ̀, kó máa lọ sílé. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Erin ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ kò le."

"Ọmọ kan ló kù sí mi lọ́wọ́, Kábíyèsí. N kò ní í jẹ́ kó dé odò títí ẹ ó fi ṣe òfin yìí. Ìrì orí koríko ni yóò máa lá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣòfin nínú igbó nígbà náà. Wọn kì í pariwo, wọn kì í nawọ́. Erin á tẹ́ màrìwò ọ̀pẹ gbọọrọ sílẹ̀ lábẹ́ ọdán. Ìgbìmọ̀ mẹ́tàlá á jáde síwájú. Ẹni tó bá fara mọ́ òfin á ré màrìwò kọjá. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn á dúró síbi tó wà. Ẹsẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ẹnu kọ́. Ìhà tí ẹsẹ̀ bá ti pọ̀ jù ló ń borí. Ẹsẹ̀ tó bá sì ti tẹ òdìkejì kò gbọdọ̀ padà mọ́.

Erin tẹ́ màrìwò. Mẹ́fà kọjá. Mẹ́fà dúró. Ó ku Alágẹmọ.

Alágẹmọ ìgbà náà kọ́ ni Alágẹmọ tí ẹ mọ̀ yìí o. Awọ rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ojú rẹ̀ méjèèjì ń wo ibì kan náà. Ó ń yára rìn dáadáa. Wọ́n yàn án sí ìgbìmọ̀ nítorí pé ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Bí ó bá sọ̀rọ̀ tán, ẹni tó ń jà á gbà pé tòun ló gbè, ẹni tí wọ́n ń bá jà náà á gbà pé tòun ló gbè.

Alágẹmọ jáde, ó fọwọ́ lé àyà.

"Ẹ̀yin ará mi, ọkàn mi gbọgbẹ́. Omijé kò tíì gbẹ lójú ìyá yìí. Ṣé ìgbà tí ojú ń ṣomi là ń jíròrò òfin? Kò bójú mu! Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tẹ orí ba ná."

Wọ́n tẹ orí ba. Òòrẹ̀ ló tẹ tirẹ̀ ba jù, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Wọ́n tẹ orí ba títí ọrùn fi ń ro wọ́n. Wọ́n wá gbé orí sókè, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì lọ sílé. Òfin kankan kò sí. Ṣùgbọ́n orí tí wọ́n tẹ̀ ba náà dára púpọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Alágẹmọ lọ kí Ẹtu. Inú koríko tútù létí òkìtì ni ilé Ẹtu wà. Kí Alágẹmọ tó débẹ̀, ó ya ewé, ó rún un, ó fi ra ara títí ó fi tutù yọ̀yọ̀ bíi ti koríko náà.

"Ìyá Fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ṣé ẹ rí awọ mi? Ọ̀kan náà ni wá."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ṣé ẹ ó kọjá?"

"Áà! Ìbéèrè wo nìyẹn? Mo ti kọjá tipẹ́tipẹ́ nínú ọkàn mi. Ẹsẹ̀ ló kù."

Ẹtu dúpẹ́. Fẹ́ẹ́rẹ́ yọ orí láti inú koríko, ó ń lá ètè.

Láti ibẹ̀, Alágẹmọ gba ilé Òòrẹ̀ lọ. Inú ihò ilẹ̀ pupa ni Òòrẹ̀ ń gbé. Alágẹmọ nu ewé kúrò, ó bu erùpẹ̀ pupa, ó fi kun ara láti orí dé ìrù.

Òòrẹ̀ ní, "Mo gbọ́ pé o fẹ́ kọjá."

"Èmi? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé o ò rí awọ mi ni?"

Òòrẹ̀ gbé agbọ̀n kan jáde. Tata ló kún inú rẹ̀, tata tó sanra, tó ń ta pọ́únpọ́ún. Ó gbé e síwájú Alágẹmọ. Ó ní, "Máa jẹ ẹ́. Ọfà yìí, ogún bàbá mi ni. Bí mo bá fi kọ́ igi tí kìnnìún bá dé ńkọ́?"

Alágẹmọ ní, "Ìgbà wo ni kìnnìún dé odò yìí gbẹ̀yìn?"

"Kò dé ibẹ̀ rí. Ṣé o rí i bí ọfà mi ṣe ń ṣiṣẹ́?"

Alágẹmọ ń jẹ tata.

Òòrẹ̀ wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀ka tó o jókòó lé nínú ìgbìmọ̀, ta ló gbé ọ débẹ̀? Ṣebí àwa ọlọ́fà ni. Ọwọ́ tó gbé ni sórí ẹ̀ka lè mi ẹ̀ka náà o."

Tata há Alágẹmọ lọ́nà ọ̀fun. Ó gbé e mì. Ó ní, "Ẹ̀yìn yín ni mo wà, gbágbáágbá."

Ìgbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ wò ó tòkètilẹ̀. Ewé lára, erùpẹ̀ lára. Ó ní, "Baálé mi, ibo lẹ wà gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí?"

Alágẹmọ ní, "Ibi tí mo bá dúró sí ni mo wà."

Ọjọ́ méje kò pé. Ẹfọ̀n lọ mu omi pẹ̀lú ìwo lórí. Eṣinṣin kan jẹ ẹ́ nídìí, ó yí orí padà fìrì, ìwo wọ ọkọ Ọ̀yà ní ìhà. Ọ̀yà di opó lójú ẹsẹ̀.

Ẹfọ̀n ní, "Eṣinṣin ni! Gbogbo yín ṣáà rí eṣinṣin!"

Wọ́n tún pé sábẹ́ ọdán. Erin tún tẹ́ màrìwò. Mẹ́fà kọjá, mẹ́fà dúró, gbogbo ojú sì wà lára Alágẹmọ. Alágẹmọ fọwọ́ lé àyà.

"Ẹ̀yin ará mi, ọkàn mi tún gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ jẹ́ ká yan àwọn tí yóò wádìí ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní. Ṣé ohun ìjà ló ń pa ẹran ni, àbí ẹran ló ń kú fúnra rẹ̀?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi Òòrẹ̀ ṣe olórí olùwádìí, nítorí pé òun ló mọ̀ nípa ọfà jù lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ibi tí wọ́n ti ń fi ológbò ṣọ́ ẹja, ó wà láyé.

Òòrẹ̀ wádìí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ mẹ́sàn-án náà, Fẹ́ẹ́rẹ́ ń lá ìrì. Òòrẹ̀ wá jíṣẹ́. Ó ní, "A wádìí títí. A rí i pé odò ló fà á. Ẹni tó kọ́kọ́ kú, etí odò ló kú sí. Ẹnì kejì náà, etí odò. Bí kò bá sí odò, ta ni ì bá kú?"

Àwọn kan mi orí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀.

Òòrẹ̀ ní, "A tún rí ohun kan. Bí ọmọ Ẹtu bá ní ọfà tirẹ̀, ta ni yóò lè ṣe é ní nǹkan? Ẹ jẹ́ ká fún Fẹ́ẹ́rẹ́ ní ọfà."

Ẹtu dìde. Ó ní, "Ọmọ tí kò tíì mọ koríko jẹ, ọfà ni kó wá mọ̀ ọ́n ta? Omi ni mo tọrọ fún un. Omi!"

Alágẹmọ fi ojú àánú wò ó. Ó ní, "Ìyá Fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Nínú ọkàn mi..."

Ẹtu kò dúró gbọ́ ìyókù.

Ọ̀dá le sí i. Ọyẹ́ lọ, ìrì kò sẹ̀ mọ́. Fẹ́ẹ́rẹ́ rù, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Ahọ́n rẹ̀ gbẹ bí èèpo igi. Ẹtu lọ dojúbolẹ̀ níwájú Erin. Ojú ti Erin. Ó ní kí gbogbo ìgbìmọ̀ pàdé lọ́la, kí wọ́n parí rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, Ẹtu mú Fẹ́ẹ́rẹ́ dání. Ó fi í pamọ́ sínú igbó kékeré tó wà láàrin ọdán àti odò. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi dúró síbí. Má yọjú. Ìgbà tó o bá gbọ́ tí wọ́n pariwo pé Alágẹmọ ti kọjá, ìgbà náà ni kó o sáré lọ mu omi."

Fẹ́ẹ́rẹ́ ní, "Màmá, ṣé yóò kọjá?"

Ẹtu ní, "Ó sọ fún mi pé ẹsẹ̀ nìkan ló kù."

Erin tẹ́ màrìwò. Ó ní, "Lónìí, n kò fẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fẹ́." Mẹ́fà kọjá. Mẹ́fà dúró. Òòrẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn àwọn tó dúró, wọ́n gbé ohun ìjà wọn dání pátápátá.

Alágẹmọ jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò mọ èyí tí ì bá fi kun ara. Ó fi ewé kun apá kan, ó fi erùpẹ̀ pupa kun apá kejì. Ó dé iwájú màrìwò. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

Ó rí Ẹtu níwájú. Ó fi ojú kan wò ó. Ó gbọ́ tí Òòrẹ̀ ń mi agbọ̀n tata lẹ́yìn. Ó fi ojú kejì wo ìyẹn. Ojú kan níwájú, ojú kan lẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan lókè. Ẹtu bá bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ bá mi gbè é o, ẹ má jẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ nìkan dá a kọ:

Alágẹmọ, òùngbẹ ń gbẹ ọmọ mi,
*Gbẹ́sẹ̀ kalẹ̀ o, gbẹ́sẹ̀ kalẹ̀.*
Omi ń bẹ lódò, kò leè mu,
*Gbẹ́sẹ̀ kalẹ̀ o, gbẹ́sẹ̀ kalẹ̀.*
Ọfà ń bẹ lápó, kì í sùn,
*Gbẹ́sẹ̀ kalẹ̀ o, gbẹ́sẹ̀ kalẹ̀.*
O ti kọjá nínú ọkàn,
*Gbẹ́sẹ̀ kalẹ̀ o, gbẹ́sẹ̀ kalẹ̀.*
Ó ku ẹsẹ̀, Bàbá, ó ku ẹsẹ̀,
*Gbẹ́sẹ̀ kalẹ̀ o, gbẹ́sẹ̀ kalẹ̀.*

Alágẹmọ na ẹsẹ̀ síwájú. Ẹsẹ̀ gbọ̀n. Ó fà á sẹ́yìn.

Ẹtu tún kọrin. Alágẹmọ tún na ẹsẹ̀ síwájú. Ẹsẹ̀ gbọ̀n. Ó tún fà á sẹ́yìn.

Ẹtu kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Alágẹmọ na ẹsẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ré màrìwò kọjá. Ó ku bí ìbú irun kan kó tẹ ilẹ̀ òdìkejì. Ọ̀yà, opó, kò lè mú un mọ́ra. Ó fò sókè, ó ké, "Ó ti kọjá! Alágẹmọ ti kọjá!"

Gbogbo ẹran kékeré hó yèè.

Fẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́. Ó yọ nínú igbó, ó sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún.

Òòrẹ̀ náà gbọ́. Ó ní, "Wọ́n ti ń bọ̀ wá gba ọfà mi!" Ó so apó mọ́ ẹ̀yìn, ó so ó le, ó gba ọ̀nà odò sá lọ. Ẹfọ̀n de ìwo mọ́ orí. Paramọ́lẹ̀ gbé oró rẹ̀ sẹ́nu. Àkekèé ki abẹ́rẹ́ bọ ìdí. Olúkúlùkù ń so, olúkúlùkù ń dè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnikẹ́ni kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Fẹ́ẹ́rẹ́ dé odò. Ó mu ẹnu kan. Ó mu ẹnu kejì. Omi náà tutù, ó dùn mọ́ ọn, ó pa ojú dé.

Òòrẹ̀ já sétí odò. Ó gbọ́ tí omi dún, púlú. Ẹ̀rù bà á.

Pìrìpìrìpìrì.

Fẹ́ẹ́rẹ́ kò gbé ẹnu kẹta mì.

Òòrẹ̀ káwọ́ lérí. "Yéè! Ó mà ṣe o! Wọ́n ní Alágẹmọ ti kọjá, ni ẹ̀rù bá bà mí!"

Gbogbo ẹran yíjú padà, wọ́n wo ẹsẹ̀ Alágẹmọ. Ẹsẹ̀ ṣì wà lókè. Kò tẹ iwájú, kò padà sẹ́yìn.

Erin ní, "Alágẹmọ, ṣé o kọjá ni àbí o ò kọjá?"

Alágẹmọ fọwọ́ lé àyà. "Kábíyèsí, ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo rò pé ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tẹ orí ba ná."

Wọ́n sì tẹ orí ba. Mo fi ọmọ tí mo bí búra, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ba.

Ẹtu nìkan ni kò tẹ̀ ẹ́. Kò sunkún. Ó dúró níwájú Alágẹmọ, ó ní, "Bàbá, mo ti bẹ̀ yín títí. N kò bẹ̀ yín mọ́. Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ gbé sókè tẹ́ ẹ ò lè gbé kalẹ̀ nítorí ọmọ mi, kò ní í balẹ̀ kíá fún yín mọ́ láé. Ojú tẹ́ ẹ pín sí méjì kò ní í padà wo ibì kan náà láìjẹ́ pé oúnjẹ lẹ rí. Ilékílé tẹ́ ẹ bá dé, awọ ilé náà lẹ ó máa gbé wọ̀."

Ó yí padà, ó lọ gbé òkú ọmọ rẹ̀.

Ohun tó fà á nìyẹn tí Alágẹmọ fi ń rìn bó ṣe ń rìn. Á na ẹsẹ̀, á gbọ̀n, á fà á sẹ́yìn, á tún nà án. Ohun tó fà á nìyẹn tí ojú rẹ̀ kan fi ń wo iwájú tí èkejì ń wo ẹ̀yìn. Bó bá rí tata, ẹ wò ó dáadáa, ojú méjèèjì á pàdé. Lórí ewé, ó di ewé. Lórí ilẹ̀ pupa, ó di ilẹ̀ pupa. Ara rẹ̀ gan-an ò sí mọ́.

Ohun ìjà tí wọ́n so mọ́ra lọ́jọ́ náà, wọn ò tú u mọ́. Ó pẹ́ lára, ó hu gbòǹgbò. Òòrẹ̀ ò lè bọ́ ọfà mọ́ bó tilẹ̀ fẹ́ sùn. Kò sì lè sùn dáadáa, nítorí ẹ̀rù ọfà náà.

Màrìwò ti gbẹ, ó ti di erùpẹ̀. Erin tó tẹ́ ẹ ti kú. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá pàdé Alágẹmọ lọ́nà oko, ẹ bi í pé, "Bàbá, níbo lẹ̀ ń lọ?" Yóò ní òun ń lọ kọjá. Yóò ní ó ti parí nínú ọkàn òun.

Oyún tó wà nínú Ẹtu lọ́jọ́ náà ló bí gbogbo ẹtu tẹ́ ẹ̀ ń rí lónìí. Ẹ lọ lúgọ sétí odò, kẹ́ ẹ wò ó bó bá ń mu omi. Á mu ẹnu kan, á gbé orí sókè. Á mu ẹnu kan, á gbé orí sókè. Ó ń tẹ́tí bóyá wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ náà kalẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi yí dé nìyí o. Èmi ti gbé ẹsẹ̀ tèmi kalẹ̀. Ó ku tiyín.